Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ẹkún mi ṣẹ̀sín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ gbà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ, ẹ̀rín lẹ sì fi rín ju ìdajì rẹ̀. Ẹ ní odidi èmi, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, ni mo jókòó tí mò ń sunkún nítorí àwọn ọmọ yunifásítì tí wọn ò mọ̀ mí rí. Ẹ wá fi kún un pé owó ti ba eré ìdárayá Amẹ́ríkà jẹ́, pé ọjọ́ tí wọ́n ti ń sanwó fún ọmọ iléèwé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Láti oṣù kẹrin lẹ ti sọ̀rọ̀ yìí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n fèsì. Ní báyìí tí sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, tí ojú mi sì ti gbẹ, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025 ni, ní San Antonio, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ilé mi. Yunifásítì Houston, ẹgbẹ́ ìlú mi, pàdé Florida nínú àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé. Abala kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a ti fi àmì 12 ṣíwájú. Walter Clayton, òpómúléró Florida, kò rí àmì kan ṣoṣo jẹ ní gbogbo abala àkọ́kọ́. Mo ti ń wo fóònù, mò ń ro ẹni tí mo máa kọ́kọ́ pè. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà náà ni Yunifásítì Duke fi àmì 14 ṣíwájú wa tí a sì tún nà wọ́n, mo wá gbà pé orí ló ń bá wa ṣe é.

Àṣé Florida ń jẹ ẹ́ bọ̀ lábẹ́lẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, 65 sí 63 ni, tiwọn ló pọ̀ jù, ó sì ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọwọ́ wa ni bọ́ọ̀lù wà. Emanuel Sharp tiwa fò sókè láti ju èyí tí ì bá mú àmì mẹ́ta wọlé. Clayton fò mọ́ ọn. Sharp rí i lójú òfuurufú pé bí òun bá jù ú, ọmọkùnrin yìí á gbá a dànù, ló bá jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, òfin wọn ni pé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kàn án kí ẹlòmíì tó kàn án. Bọ́ọ̀lù ń ta nílẹ̀, Sharp dúró tì í bí ẹni tí wọ́n gbé àmàlà ka iwájú rẹ̀ nínú ààwẹ̀. Florida rọ́ lu bọ́ọ̀lù náà, aago tán. A ò tilẹ̀ ráyè jù ú. Ohun tó pa mí lẹ́kún nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé a jù ú tí kò wọlé, ǹ bá gbà á lámùmọ́ra.

Ṣé ẹ̀yin lẹ sì kọ́kọ́ sọ ìtàn Hakeem Ọlájùwọ́n, àgbà òjẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, fún mi, àbí ẹ ti gbàgbé? Ẹ ní ọmọ Èkó kan wà tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tẹ́lẹ̀, tó ga bí igi àgbọn, tó kọjá sí Yunifásítì Houston ní 1980. Ẹ ní nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà! Ọmọ tí wọ́n ní kó wọ takisí yìí ló gbé iléèwé yẹn dé àṣekágbá ní 1983, òun àti Clyde Drexler. Wọ́n pàdé North Carolina State. Ó ku bíńtín kí aago tán, ará North Carolina kan ju bọ́ọ̀lù tí kò tó ibi tó ń lọ, Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, gbà á lókè ó sì kì í bọ inú àwọ̀n. 54 sí 52. Wọ́n tún padà lọ ní 1984, Georgetown nà wọ́n, 84 sí 75. Láti ìgbà náà, a ò tún débẹ̀ mọ́ àfi ní 2025. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù IICC Ìbàdàn gbà ní 1976 bí ẹni pé ẹsẹ̀ yín ló gbá góòlù wọlé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fi mí ṣẹ̀sín?

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀gbọ́n mi, owó ti wà nínú eré yìí tipẹ́. Lọ́dún tí Ọlájùwọ́n ń fò káàkiri yẹn, tẹlifíṣọ̀n ń sanwó, àwọn ènìyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kóòṣì ń gbowó oṣù. Àwọn tó ń làágùn nìkan ni wọ́n ní kó máa jẹ oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n sì máa dúpẹ́. Bí ọmọ kan bá gba bàtà lọ́wọ́ olówó kan, wọ́n á dá a dúró bí olè. Oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ iléèwé lè fi orúkọ ara rẹ̀ polówó ọjà kó sì gbowó ẹ̀. Ní 2025, lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí iléèwé fúnra rẹ̀ lè máa sanwó fún wọn, tí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju dọ́là mílíọ̀nù 20.5 lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n tún ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 2.8 fún àwọn tó ti gbá a láti 2016, kí wọ́n pín in fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn ẹgbẹ́ Ọlájùwọ́n kò bá wọn débẹ̀. Kò kúkú nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló di Ọlájùwọ́n?

Nítorí náà, èmi ò bínú owó. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò mọ ẹni tí mò ń hó fún mọ́. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní portal: ọmọ tó bá fẹ́ pààrọ̀ iléèwé á kọ orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn kóòṣì á sì dà bò ó bí ìgbà tí ọkọ̀ tòmátì bá dé ọjà Bódìjà. Láti 2024, ó lè kó ẹrù lọ́dọọdún bó bá wù ú, kò sí pé ó ń jókòó fún ọdún kan mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ há orúkọ ọmọ kan sórí tán, ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ló ń nà wá. Clayton tó pa mí lẹ́kún, Iona ló ti wá sí Florida. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, L.J. Cryer tiwa náà, Baylor la ti gbé e, Milos Uzan sì ti Oklahoma wá. Èmi ò sunkún fún Oklahoma. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn J'Wan Roberts, tí kò gbá a níbòmíì yàtọ̀ sí Houston títí ó fi parí. Irú wọn ti ń tán.

Síbẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ń pe àwọn ọmọ yìí ní olójúkòkòrò, inú a máa bí mi. Ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ń ṣe. Stanford àti Berkeley, tó jẹ́ pé California ni wọ́n wà, ti lọ wọ ẹgbẹ́ ìdíje tí wọ́n fi Òkun Àtìláńtíìkì sọ lórúkọ, nítorí owó tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Big Ten, àwọn mẹ́wàá ńlá, iléèwé 18 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Tiwa tó ń jẹ́ méjìlá, 16 ni. Wọn ò lè ka iye ara wọn! Àwọn wọ̀nyí ló ń ní kí ọmọ ogún ọdún mọ ilé tó ti jáde.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2025, òru Sátidé, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Dallas ta Luka Doncic, òpómúléró wọn, fún Lakers ti Los Angeles. Ẹni ọdún 25 ni. Ọdún tó ṣáájú, òun ló gbé wọn dé àṣekágbá. Ìyàwó mi ló jí mi, mo ní kó jẹ́ kí n sùn, pé irọ́ ni, ẹnìkan ló já ojú ìwé oníròyìn tó gbé e jáde gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Luka gan-an kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe Dallas ní olójúkòkòrò o, òwò ni wọ́n ní ó jẹ́. Ayé wá yí bírí: lóṣù karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé ẹni tó máa kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun, àǹfààní Dallas kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, gègé sì mú wọn. Wọ́n mú Cooper Flagg, ọmọ Duke tí a nà ní San Antonio. Ìyẹn náà ò tu àwọn ará Dallas nínú, wọ́n ṣáà ń pariwo nínú pápá pé kí wọ́n lé ọ̀gá tó ta Luka, títí wọ́n fi lé e lóṣù kọkànlá. Èmi ará Houston, mo gbádùn gbogbo rẹ̀.

Rockets, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Houston tiwa tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun, náà gbé Jalen Green lọ fún Phoenix kí wọ́n lè mú Kevin Durant wá. Ọmọ tí a wò láti ọdún mọ́kàndínlógún rẹ̀! Mo káàánú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ra ẹ̀wù Durant, ẹni tó ti pé ọdún 37.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò rí fi ṣeré. Àwọn ọmọ wa tó ti ilé wá gbá a níbí, ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi wọlé, ìwé yẹn kò sì gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, owó tí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan ń gbà nítorí ìpolówó bàtà, òun ò lè nawọ́ gbà á bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà dá a padà sílé. Àwọn kan máa ń dúró dìgbà tí wọ́n bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó ya fọ́tò ìpolówó. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé owó ti ba àwọn ọmọ yìí jẹ́, ẹ rántí pé àwọn tiwa ń wo owó náà bí Sharp ṣe ń wo bọ́ọ̀lù yẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà iléèwé yìí ló gbé àwọn tí ẹ fi ń yangàn. Tóbi Àmùsàn tí ẹ fi fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp yín fún odidi oṣù kan, láti Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wá sí El Paso ní Texas níbí, yunifásítì wọn ló ń sáré fún nígbà tó gba ife àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2017. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà ló fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré ọgọ́rùn-ún mítà onígi tí wọ́n ń fò kọjá ní Eugene, tí gbogbo ayé kò tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ti Ògúnbọ̀wálé ló tún dùn mọ́ mi jù. Àríkẹ́ ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Yunifásítì Notre Dame. Ní 2018, ó ju bọ́ọ̀lù tó lé Connecticut lọ sílé nígbà tí aago ń tán, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ Àjíǹde, ó tún fi irú rẹ̀ na Mississippi State nínú àṣekágbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Dáre ń gbá bọ́ọ̀lù alágbárí ti àwọn ará ibí, èyí tí ẹ ń pè ní ìjà àwọn tó de ìkòkò mórí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó wà pẹ̀lú Texans, ẹgbẹ́ Houston tiwa. Ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó ṣèṣe, kò sí ẹlòmíì. Wọ́n ní kí Dáre, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù sáré, lọ gbá a. Ó gbá a wọlé! 39 sí 37 la fi borí Tampa Bay. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n fi orúkọ bàbá wọn ṣe gúgúrú lẹ́nu, mo sì dìde nínú pálọ̀ mi, mo pè é fún un bó ṣe yẹ, ohùn òkè lórí òkè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi ní, "Daddy, wọn ò gbọ́ yín o."

Òun náà ló gbé aṣọ ìnujú fún mi lálẹ́ ọjọ́ Florida yẹn. Òun ló sì ya fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo ti mọ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Bí 3SC bá gbá a lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má gba ohùn sílẹ̀, torí ibi iṣẹ́ ni mo máa wà, ẹ̀rín yín ti pọ̀ jù. Mo ń dúró níbí ná. Houston ló ń gbá a lálẹ́ yìí, rẹfirí ti gbé bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín, wọ́n fẹ́ jù ú sókè.

Èmi àbúrò yín,
Houston, Texas