Sí ẹ̀yin oníbàárà wa l'Óyíngbò: ìdí tí ẹ kì í fi í bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó o.

Wọ́n ní ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ẹ̀yin mọ̀! Bí mi ò bá ti sí lórí àga mi báyìí, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: "Ìyá Oníréèsì, ibo lẹ tún wà? Ọmọ yín nìkan la bá." Àwọn kan tiẹ̀ ti ń dá àpárá pé mo fẹ́ du ipò káńsílọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ náà kan owó yín.

Kóńgò ni. Èmi àti àwọn mélòó kan nínú àwa tó ń ta oúnjẹ ní ìlà tiwa la yọ̀ǹda ara wa láti máa yẹ kóńgò wò. A ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ra gàrí àti ẹ̀wà l'Ékòó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹlòmíì á fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú. Tó bá ti wà lórí tábìlì, ẹ ò lè mọ̀. Ẹlòmíì á yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á jẹ́ kó gan síbẹ̀. Wọn á wá wọn ọjà yín, wọn á kó o jọ lókè ṣóńṣó, inú yín á dùn, ẹ ò ní bèèrè ìdí.

A ra kóńgò tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Omi la máa ń bù kún un, a ó dà á sínú èyí tó ń kọ wá lóminú. Bí tibẹ̀ bá kún tí omi ṣì kù nínú tiwa, ẹjọ́ ti parí. Omi ò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ìyá kan wà tí a jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan náà; láti ìgbà tí a ti gba kóńgò ẹ̀, kì í kí mi mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. A ò sì dá kóńgò náà padà.

Ìdí nìyí tí kóńgò ìrẹsì wa fi lè wọ́n ju ti ibòmíràn lọ díẹ̀. Kí ẹ tó ní mo ti di ọ̀wọ́n, ẹ gbé méjèèjì lé ìwọ̀n.

Kì í ṣe orí mi niṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ẹlẹ́ja ni Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí ọjà Eréko ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Pullen máa bá àwọn ìyá ọlọ́jà dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, òun ló kó wọn sòdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ìjọba ní àwọn á máa fún un ní £100 lóṣù kó lè gbè wọ́n lẹ́yìn. Kò gbà á. Ẹ ronú bí owó yẹn ti tó nígbà náà! Iṣẹ́ tèmi ò tiẹ̀ dé ìdajì tirẹ̀. Kóńgò lásán ni mò ń tẹ̀ lé kiri.

Yàtọ̀ sí kóńgò, a tún máa ń kó gọ́tà ọjà; ìyẹn ò ṣòro. Àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù la máa ń kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde kí òjò tó dé, torí náà aago mọ́kànlá la ó máa ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹ má wá ní aago mẹ́jọ kí ẹ wá máa bínú.

Ní àwọn ọjọ́ yòókù, bí ẹ ò bá bá mi, ọmọ mi obìnrin á dá yín lóhùn. Iye kan náà, kóńgò kan náà, àkáǹtì kan náà lẹ ó sanwó sí. Kóńgò tuntun náà wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi yẹ tiwa wò, kó mú un. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kó máa fún yín ní èènì. Àmọ́ ẹ̀yin tó ń ra dẹ́ríkà kan ṣoṣo tí ẹ ń béèrè èènì ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.

Èmi ni,
Ìyá Oníréèsì yín,
Oyíngbò, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta.