Díjítà dáyárì olówó pọ́ọ́kú: ẹ béèrè bí nǹkan inú ẹ̀ ṣe ń jáde kẹ́ ẹ tó sanwó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ka lẹ́tà ìyá kan lójú ìwé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó ń béèrè ohun tóun lè rà fún ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fríìdọ̀m nídìí iṣẹ́ télọ̀, nǹkan pélébé tí ọmọ náà á máa fi kọ orúkọ kọ́sítọ́mà, ìwọ̀n wọn àti ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbaṣọ, tí kò sì ní gbówó lérí. Ẹni tó dá a lóhùn ní kó lọ ra fóònù ńlá tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá dúró, ẹ̀rọ ìránṣọ ló yẹ kó rówó rà. Iṣẹ́ télọ̀ lèmi náà ń ṣe ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn níbí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo sì ti lo irú nǹkan tí wọ́n ń béèrè yẹn oríṣi mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀.

Àkọ́kọ́, ọdún 1998 ni mo rà á. Àwọn àgbà á rántí ẹ̀, díjítà dáyárì tó máa ń pa dé bí ìwé, bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀, bátìrì méjì ló ń lò, wọ́n rí roboto bíi kọ́bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tẹ orúkọ àwọn oníbàárà mi síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní igba èèyàn. Bátìrì kú nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, mo yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè mú wọn lọ ra irú ẹ̀ lọ́jà, nígbà tí mo dé, ó mọ́ fo, kò ku orúkọ ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún mi pé ọ̀kan ló ń gbé iná fún ìrántí ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìkejì, pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ. Mi ò lè pe ẹnikẹ́ni torí nọ́ńbà pàápàá ti lọ, ńṣe ni mo jókòó tí mò ń retí àwọn tó máa wá fúnra wọn, tí mo tún ń wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, àwọn míì sì bínú lọ, mi ò rí wọn mọ́ títí dòní.

Ìkejì ni Palm Zire, ẹ̀rọ pélébé kan tó ń wọ àpò, tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀ láti Houston l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2003. Dọ́là 99 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde lọ́dún 2002, nígbà tí Tungsten T tí ilé iṣẹ́ kan náà gbé jáde lọ́dún yẹn jẹ́ 499. Ojú Zire ò ní àwọ̀, kò níná lójú, téèyàn bá fẹ́ kà á lálẹ́ àfi kó súnmọ́ àtùpà, ìrántí inú ẹ̀ ò ju mẹ́gábáìtì méjì lọ, ṣùgbọ́n fún gbogbo ọdún tí mo fi lò ó, àyè ò tán níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ọ̀rọ̀ kì í gbàyè. Kálẹ́ńdà, orúkọ àti nọ́ńbà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àti ibi téèyàn ń kọ nǹkan ránpẹ́ sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ni télọ̀ ń fẹ́. Kíkọ̀wé sí i gba sùúrù díẹ̀: igi kékeré kan lẹ ó fi máa kọ ọ́, lẹ́tà lápá òsì ojú ẹ̀, nọ́ńbà lápá ọ̀tún, lẹ́tà A ò sì ní igi àárín, ńṣe ló dà bí òrùlé. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sí bí mo ṣe lè fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti s, àdúgbò kọ́sítọ́mà ni mo wá ń kọ tẹ̀lé orúkọ kí n má baà ṣi ẹnì kan mú fún èkejì.

Àmọ́ ohun tó mú kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni wáyà. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ HotSync sí, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ á lọ jókòó sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ ṣe é ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Lọ́dún 2005 mo rìnrìn àjò sí ìlú wa fọ́jọ́ pípẹ́, mo gbàgbé ṣájà sílé, bátìrì tán pátápátá, ìrántí sì lọ. Àyà mi já, mo ní ti 1998 ló tún dé yìí. Mo so wáyà, mo tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́, gbogbo ẹ̀ padà wálé pátá.

Ní báyìí, mi ò ní kí ọmọ yẹn lọ wá Zire o. Bátìrì ẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣí yọ, wáyà ẹ̀ ò sì bá Windows 64-bit tó wà nínú kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ṣe. Fóònù Android kékeré tòkunbọ̀ lohun témi ń lò báyìí, mi ò tiẹ̀ ki síìmù bọ̀ ọ́. Mo yọ Facebook àti gbogbo géèmù kúrò, ó ku kálẹ́ńdà, orúkọ àti nóòtì. Kíbọọ̀dù Google ní Yorùbá nínú, àmì ti wọlé sábẹ́ lẹ́tà, ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Fóònù tọ́ọ̀ṣì dáa fún ìpè, àmọ́ tó bá jẹ́ orí síìmù lẹ kó orúkọ sí, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló ń gbà, ìwọ̀n ò lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ lílò ẹ̀ ṣe pàtàkì ju rírà lọ. Kí kọ́sítọ́mà má tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó tẹ ìwọ̀n rẹ̀ wọlé, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹni tó bímọ láàárín ọdún kan, ìwọ̀n tẹ́lẹ̀ ò lè bá a mu mọ́. Álààmù tó máa dún, kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ àdéhùn, nígbà tí ààyè ṣì wà láti ran nǹkan. Kẹ́ ẹ sì fi lọ́ọ̀kì sí i, torí ìwọ̀n ara obìnrin àti nọ́ńbà ẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó bá yà ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí ìyá yẹn bá lọ ra irú fóònù bẹ́ẹ̀, kó mú mẹ́mọ́rì káàdì dání. Kó tẹ orúkọ tiẹ̀ sínú ẹ̀, kó pa á kó tún un tàn, kó wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, kó fi ọwọ́ tẹ gbogbo etí gíláàsì náà, kó wá ní kí wọ́n kó orúkọ yẹn jáde sórí káàdì lójú òun. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ráyè ìyẹn, kó gbówó ẹ̀ dání kó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Tó bá sì fẹ́ kí n fi bí mo ṣe to tèmi han ọmọ náà, ẹ gbà á láàyè kó gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ yín, mi ò ní gba kọ́bọ̀, kó ṣáà mú ìwé ìwọ̀n tó fi kọ́ṣẹ́ dání wá.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn