Ìkéde: A ń lọ sí ìṣàn omi Olúmirin

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó jọ lọ sí Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Fọ́tò dúdú-àti-funfun nìkan la máa yà, èyí tí kámẹ́rà máa ń lajú sílẹ̀ pẹ́, títí omi á fi dà bí òwú.

Kí gbogbo wa ti dé ní aago méje àárọ̀. Bí oòrùn bá ti kan omi, funfun rẹ̀ á pa gbogbo àwòrán rẹ́.

Ẹ mú ẹsẹ̀ kámẹ́rà tó lágbára, àti fílítà dúdú tí à ń pè ní ND. Èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìlọ́po 64 ló wù mí jù: dípò ìdá 1 nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà á ṣí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 4. Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tó ń pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí mọ́, kí àwọ̀ ewé má sọnù; ìgbà tí a bá ń yí i padà sí dúdú-àti-funfun nílé la ó mọ rírì rẹ̀.

Ìpele méje ni omi náà ní, ṣùgbọ́n a ò ní kọjá ìkejì. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá gùn ún.

Ẹni tí kò bá ní ND, kó sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Méjì wà lọ́wọ́ mi.