Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún títún nǹkan ṣe

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ẹ sì máa ń kọ dáadáa lórí ọ̀rọ̀ ká má fi ìgbé ayé wa ba ilé ayé jẹ́, àmọ́ ohun kan ń dùn mí nínú ẹ̀: gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ńṣe ló máa ń dà bí ìyà tí wọ́n ní ká lọ jẹ, ẹ má ra eléyìí, ẹ má lo tọ̀hún, ẹ mú un mọ́ra torí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn táá wù ú? Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣe é gan-an lara máa ń kọ́kọ́ tù, lẹ́yìn náà àwọn aládùúgbò ẹ̀.

Fáànù mi ló kọ́ mi. Ó dákẹ́, mo sì ti ń gbé e lọ sórí ààtàn kí n lọ ra tuntun, àfi bí bàbá àgbà kan tí ilé wọn ò ju ilé kejì sí tèmi ṣe rí i lọ́wọ́ mi tí wọ́n ní kí n gbé e wá. Ọdún mélòó la ti jọ wà ládùúgbò yẹn, ẹ káàárọ̀ ẹ káalẹ́ náà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tú u, wọ́n fi hàn mí pé wáyà kan ló já níbi tó ti máa ń ká kò, wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi fi òjé jó o pọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo rà á lọ! Ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó wọn ti kú, àwọn nìkan ló ń dá gbé, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí èèyàn bíi mẹ́jọ la máa ń kó nǹkan tó bàjẹ́ lọ bá wọn ní Sátidé, Bàbá ò dá jókòó mọ́.

Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀ o. Obìnrin kan tó jẹ́ oníròyìn bíi tiyín, Martine Postma, ló ṣe irú ẹ̀ ní Amsterdam lọ́dún 2009 tó pè é ní Repair Café, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ ló ti wà káàkiri ayé báyìí. Ẹ sì wo ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀: lọ́dún 2022 nìkan, nǹkan oníná tí aráyé jù nù tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, èyí tí àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n kó jọ tí wọ́n tún lò bó ṣe yẹ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Òjé wà nínú wọn, mákúrì tó jẹ́ májèlé náà wà níbẹ̀, òjé yìí sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni fóònù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ nínú, bátìrì ti kú, fóònù ò ṣe nǹkan kan, ẹ ò sì lè yọ ọ́. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin lé e lórí, láti February 2027 ó di dandan kí ọ̀pọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni ín.

Ẹsẹ̀ rírìn náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa lo ara ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ lọ síbi tí ò jìnnà ti ń rí i ṣe láìsan owó jíìmù, kò sì fín èéfín sí ẹnikẹ́ni nímú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iléeṣẹ́ ńlá ló ń ba ayé jẹ́, kí la fẹ́ fi fáànù kan ṣoṣo ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ àwa tá a jọ ń tún nǹkan ṣe yìí náà la jọ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun, tẹ́lẹ̀ a ò tiẹ̀ mọ orúkọ ara wa.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní igun kan lójú ewé yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nǹkan kan tó bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Bàbá ní àwọn á ya àwòrán ẹ̀, èmi á kọ ọ́, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ti wáyà fáànù ti wà nílẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín ọlọ́jọ́ pípẹ́.