Kí ọlẹ̀ tó sọ, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti parí

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìṣẹ́yìn níbí ni mò ń gbé. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú mi.

Àwọn ọmọ wa kì í wá forúkọ oyún sílẹ̀ títí di oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìyá ọkọ á ní kí wọ́n má tíì sọ ọ́, nítorí ayé. Àwọn míì á ní kí ọlẹ̀ kọ́kọ́ sọ ná. Èmi náà fi oyún àkọ́bí mi pamọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí oyún dúró ni ọkàn ọmọ ti ń lù. Ẹran pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ń ká bí ewé ẹ̀kọ, tí etí méjèèjì á pàdé, tí á lẹ̀ pọ̀; òun ló ń di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú egungun ẹ̀yìn. Tó bá fi máa tó bí ọjọ́ 28, ó ti pa ẹnu dé. Ọmọ ọ̀hún kò tíì tó hóró ìrẹsì! Nǹkan oṣù ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni. Ó lè máa rò pé ibà ló ń ṣe òun, kó máa mu àgbo sí i. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú oṣù tó kù, kí ara máa tóbi, kó máa gbó, ló pọ̀ jù.

Mo gbẹ̀bí ọmọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé. Ìyá rẹ̀, ọmọdébìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ irun, di ọwọ́ mi mú: "Màmá Nọ́ọ̀sì, kí ni mo jẹ?" Kò jẹ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé fólíìkì (folic acid), hóró oògùn kékeré tí kò wọ́n yẹn, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, máa ń dín ewu náà kù gan-an. Kì í lé e lọ tán, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù.

Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún ti rí wa kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé. Ìyẹn dára, àmọ́ ti fólíìkì kò lè dúró dìgbà yẹn. Kí oyún tó dé ló yẹ kí wọ́n ti máa lò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé lẹ́tà yìí sí ojú ìwé ìlera. Ojú ìwé tí ẹ ti ń gbé àwòrán ìgbéyàwó ni kí ẹ bá mi fi í sí, ibẹ̀ ni àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ń wò.

Èmi ni,
Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìṣẹ́yìn