Ẹni tó fẹ́ mọ Bràsíl, kó kọ́ èdè Potogí

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí Bràsíl àti ọwọ́ tó nà sí Áfíríkà. Ó dùn ún kà. Àmọ́ ohun tí akọ̀ròyìn yín kó jọ kò ju ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Lula ń sọ níbi ìpàdé lọ, àti ilé aṣojú tí wọ́n ṣí. Ìwádìí kọ́ nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Àngólà. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ọjọ́ tí Àngólà gbòmìnira gan-an, Bràsíl ló kọ́kọ́ kéde pé ìjọba MPLA, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó jà fún òmìnira níbẹ̀, lòun mọ̀. Àwa fúnra wa ní Nàìjíríà, ìparí oṣù náà la tó sọ tiwa. Bẹ́ẹ̀, ológun ló ń ṣèjọba ní Bràsíl nígbà náà, Ọ̀gágun Ernesto Geisel, àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ kọ́múníìsì sétí. Soviet àti Kúbà ló sì wà lẹ́yìn MPLA. Alátakò wọn ni Amẹ́ríkà ń kówó fún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bràsíl ti fi ń gbè sẹ́yìn Pọ́túgàl, tó ń ṣàkóso Àngólà tẹ́lẹ̀, ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kí ló wá dé?

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orí pèpéle nìkan la kà, ti ẹbí la ó máa gbọ́. Irọ́ kọ́ o, Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Bràsíl padà wálé, ṣì wà l'Ékòó. Àmọ́ ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 kò mọ ẹbí. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo tí Bràsíl ń lò ló ń ti òkèèrè wọlé. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ta epo fún wọn, wọ́n sì ń wá ọjà tí wọn yóò ti ta ohun tí ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe. Azeredo da Silveira, mínísítà tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, mọ̀ pé ẹni tó bá ṣì di Pọ́túgàl mú kò ní rójú rere àwọn aláwọ̀ dúdú.

Gbogbo èyí kò pamọ́. Ìwé àti wáyà Silveira (ìyẹn iṣẹ́ tí òun àti àwọn aṣojú ìjọba ń fi ránṣẹ́ síra wọn) wà ní CPDOC, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìtàn pamọ́ sí, ní Rio de Janeiro, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. FUNAG, àjọ kan tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn (Itamaraty ni wọ́n ń pè é), ń gbé ìwé sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Potogí nìkan ni wàhálà.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kàwé gboyè kejì gbìyànjú rẹ̀. Pálọ̀ mi ló jókòó sí fún oṣù mẹ́ta, fóònù lọ́wọ́ kan, ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ kejì. Iná á lọ, á tan tọ́ọ̀ṣì. Ojú ìwé kan lálẹ́ kan. Nígbà tó mú iṣẹ́ náà lọ, olùkọ́ tó ń bójú tó o fi báírò pupa fa gbogbo ìwé Potogí yẹn já, ó ní kó fi ti Òyìnbó rọ́pò, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ọmọ náà sunkún wálé. Ó fi ti Òyìnbó rọ́pò ṣá. Ìgbà tó yẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé Òyìnbó ọ̀hún wò, níbi tí wọ́n ń to orísun ọ̀rọ̀ wọn sí, wáyà tí òun fi tọ́ọ̀ṣì kà náà ló kún ibẹ̀.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 la ti di alájọṣe BRICS, ẹgbẹ́ tí Bràsíl, Rọ́ṣíà, Íńdíà, Ṣáínà àti àwọn mìíràn wà nínú rẹ̀, tí àwa àti Bràsíl á jọ máa jókòó ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ kọ nípa wọn, ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yìí. Ó ti ń ka ojú ìwé márùn-ún lálẹ́ kan báyìí.

Èmi ni,
Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn