Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí àwọn àwòrán tuntun tí kò ní ojú èèyàn

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Mile 12. Láti ìgbà tí a ti gbé àwọn àwòrán tuntun kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòròdú níbí, ìbéèrè kan náà là ń gbọ́: "Kí lẹ yà síbí yìí?" Àwọn kan tilẹ̀ ní ọmọ jẹ́léósinmi àwọn lè ya irú rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ìkòròdú la yà. Èyí tó tóbi jù, tó pupa rẹ́súrẹ́sú lókè, òrùlé ni: páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà, béèyàn ṣe ń rí i láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ò ya ilé kankan pàtó, àwọ̀ àti ìlà wọn la mú. Ìlà yẹ́lò tó sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, tó já lójijì, tó tún bẹ̀rẹ̀, dáńfó ni. Ó dúró gbé èrò, ó tún gbéra. Ìlà dúdú méjì tó wà lára rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ti wá. Èyí tí eérú àti búlúù ń ṣàn wọnú ara wọn, ẹsẹ̀ omi Ìpakodò ni, nígbà tí òjò ń bọ̀ látorí ọ̀sà, tí ojú ò rí ààlà omi àti sánmà mọ́. A po ọ̀dà kó ṣàn dáadáa, a gbé kánfáàsì nàró, a dà á láti òkè, a sì fi í sílẹ̀ kó gba ibi tó wù ú.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti lọ kó o wá. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ á mọ Ìbàdàndùn, ọ̀kan lára àwọn ọnà orí àdìrẹ náà. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni àwọn ìyá wa fi ẹ̀kọ yà sórí aṣọ, tí wọ́n wá to ṣíbí sáàárín òpó. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n pé òrùlé ńkọ́. Wọ́n ró o lọ òde ni. Òyìnbó náà ṣe tiwọn ṣá: Piet Mondrian, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dé New York ní 1940, ó sì ya Broadway Boogie Woogie láàárín 1942 sí 1943, ìlà yẹ́lò tó ń dábùú ara wọn, pẹ̀lú àwọn igun mẹ́rin kéékèèké pupa àti búlúù, bí òpópónà ìlú náà ṣe rí. Tèmi o, Ìbàdàndùn ló wù mí jù.

Ní ti pé a ń pẹ́: ọ̀dà àkírílíìkì, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà kó tó le. Lásìkò ọyẹ́, kíá ni. Ní Òkúdù tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, a máa ń dúró gan-an ká tó fi àwọ̀ mìíràn lé e. Ọ̀dà olóróró ọ̀tọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń mú un le, èyí tó bá sì nípọn lè gba oṣù mẹ́fà kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká sá a sóòrùn, ẹ ṣeun, àmọ́ ká má rí i.

Nílé, ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri tí omi ń jò sí. Ẹ fi pákó kékeré sẹ́yìn férémù kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á bu. Bí kánfáàsì bá dẹ̀, ẹ gbé e padà wá, a ó bá yín fà á le lọ́fẹ̀ẹ́.

A kì í ya ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí bí ọ̀dà ṣe ṣàn lónìí kọ́ ló máa ṣàn lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó bá àga pálọ̀ mu, kó mú fọ́tò àga wá, a ó jọ yẹ èyí tó wà nílẹ̀ wò. A ò ní tìtorí àga pa àwọ̀ dà. Ìdajì owó là ń gbà, ìyókù di ìgbà tó bá gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ wá wò ó, iná ṣọ́ọ̀bù wa máa ń sọ búlúù di dúdú.

Tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán yín, Ìkòròdú